Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà, Ta Ló Wá Dé Ọjà?

Bí Yorùbá bá dédé sọ fún ọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà, má rò pé ọjà ló ń lọ. Ohun tí kò fẹ́ kí pásítọ̀ rẹ̀ gbọ́ ló fẹ́ ṣe. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí, ẹni tí nǹkan kò rọgbọ fún ni wọ́n ń gbà níyànjú: bí oko kò bá gbè ọ́, dán òwò wò, bí òwò bá kọ̀, lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Kò wá sọ́kàn ẹnì kankan nínú wọn pé ọjọ́ ń bọ̀ tí òwe náà yóò di ìwé ìrìnnà tí Bàbá Ìjọ ń mú dání nígbà tó bá ń yọ́ jáde lẹ́yìnkùlé babaláwo láago mẹ́sàn-án alẹ́, tó fa fìlà bojú dé imú.

Ní Àkúrẹ́, ńṣe ló dà bíi pé torí ìlú wa ni wọ́n ṣe pa òwe náà. Ẹ gba Adéṣidà, ẹ ó já sí Ọjà Ọba. Ẹ ti Arákalẹ̀ wá, Ọjà Ọba náà ni. Ẹni tó ti Ìsínkàn gun ọ̀kadà, ọlọ́kadà kò ní bi í pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń lọ kó tó já a sílẹ̀ nítòsí ààfin Déjì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà lọ́dún, ọjọ́ Aheregbe, tí Déjì máa ń pàṣẹ kí ọjà tì. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀nà kankan ò wọ ọjà. Ẹni tó ń ta aṣọ tì, ẹni tó ń ta fóònù tì, ẹni tó ń ta òróró àdúrà náà tì. Ó jókòó sílé, ó ń ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ò bá wọn lọ́wọ́ sí ìbọ̀rìṣà.

Ẹ jẹ́ ká wọ ilé kan. N ò ní júwe ibẹ̀, torí pé kò sí àdúgbò tí irú ilé náà kò sí, yálà ní Àkúrẹ́ o tàbí ní ìlú Oǹdó. Wọ́dìn ni bàbá inú ilé yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì Ańgílíkà. Ìkórè kan kì í kọjá kí wọ́n má pe orúkọ rẹ̀ lára àwọn alága. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ó fi ìnujú funfun nu ètè. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ìjọ aláṣọ funfun, ó kúnlẹ̀ láàárín àbẹ́là méje, wòlíì ń ṣe iṣẹ́ àkànṣe fún un nítorí ipò akọ̀wé àgbà kan tó ṣí sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Jímọ̀, áfáà ti ń fọ wàláà sínú ọpọ́n fún un láti mu. Ońdè kan tún wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn, èyí tí bàbá tó bí i lọ́mọ fi sílẹ̀. Kò lò ó o. Ó kàn ń pa á mọ́ ni, torí ìtàn ìdílé.

Ipò ọ̀hún wá bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìṣòro tó dé kọjá ohun tí ìjọba lè yanjú: ta ni kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ó ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó pa màlúù, bíṣọ́ọ̀bù gbàdúrà fún un. Wòlíì ránṣẹ́ pé, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbàgbé ẹ̀jẹ́ yín o." Áfáà wá fúnra rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó kàn jókòó ní pálọ̀ títí wọ́n fi gbé àpòòwé fún un. Ońdè nìkan ni kò béèrè nǹkan, ọkùnrin náà sì ń bẹ̀rù ìdákẹ́ rẹ̀ ju ẹnu àwọn yòókù lọ.

Ìyá inú ilé ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ọmọbìnrin wọn, akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, wálé lópin ọ̀sẹ̀. Ìyá ń tẹ́ ibùsùn fún un, ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan líle lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ìwọ ọmọ yìí, kí ni òkúta ń wá lábẹ́ ìrọ̀rí?"

"Mọ́mì, ẹ fara balẹ̀. Amethyst ni wọ́n ń pè é. Ó ń fa agbára rere mọ́ èèyàn."

"Ta ló fún ẹ?"

"Mo rà á lórí Instagram ni. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún, wọ́n gbé e wá bá mi ní ọ́sítẹ̀lì."

"Òkúta? Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún?"

Ìyá da òróró sí ìrọ̀rí, ó da sí matiráàsì, ó da sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ dúró, ó ń wò ó. Nígbà tí igo gbẹ, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú o. Kí lẹ rì mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín?"

Ìyá dẹ́kun àdúrà. "Ìyẹn yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀, mà?"

"Wòlíì ló ní kí n rì í. Sáàmù ló kà sí i."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Kì í ṣe gbogbo nǹkan lọmọdé ń bi àgbà."

Ní tèmi, ọ̀rọ̀ owó òkúta yẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ ẹ̀mí inú rẹ̀ lọ. Láti Àkúrẹ́, Ìdànrè kò jìnnà. Òkè lórí òkè ni, òkúta tí àtẹ̀gùn tó wà lára rẹ̀ lé ní 600 kéèyàn tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè. Àwọn baba ńlá ará Ìdànrè gbé ayé wọn láàárín òkúta náà, wọn ò san kọ́bọ̀. Ọmọ tó dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ ló wá ń fi ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún ra èyí tí kò kún ọwọ́, tó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ Bùràsíìlì ni wọ́n ti wú u.

Ẹ má sì rò pé àwọn ọmọ Instagram ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé, pósítọ́fíìsì ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Ilé iṣẹ́ kan wà ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, de Laurence lorúkọ rẹ̀, tó ń fi ìwé awo, òrùka àti tùràrí ránṣẹ́ káàkiri ayé. Láyé ìjọba amúnisìn, àwọn akọ̀wé àti tíṣà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà lára oníbàárà rẹ̀. Ìjọba Jàmáíkà tiẹ̀ fòfin de ìwé rẹ̀ ní tiwọn. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú ìwé wọ̀nyẹn ni èyí tí wọ́n pè ní Ìwé Kẹfà àti Ìkeje ti Mósè. Ìwé márùn-ún ni Bíbélì gbà lọ́wọ́ Mósè. Ẹni tó bá rí ìkẹfà, Jámánì ló ti rí i: Stuttgart ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1849. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní apá kan tó ń sọ ìlò Sáàmù, èyí tí a ó kà sínú omi, èyí tí a ó kà sí òróró, pẹ̀lú orúkọ àjèjì tí a ó pè mọ́ ọn. Irú ìmọ̀ yìí wọ inú àwọn ìjọ wa kan wọ́ọ́rọ́wọ́, ó jókòó, ó sì wọ aṣọ funfun. Lónìí, bí o bá sọ fún ọmọ ìjọ pé ohun tí wọ́n pè ní ìfihàn láti òkè ọ̀run gba Stuttgart àti Chicago kọjá, yóò ní ẹlẹ́mìí òkùnkùn ni ọ́. Nítorí náà, kí ìyá tó da òróró sórí matiráàsì má fi bẹ́ẹ̀ bínú sí ọmọ rẹ̀. Òkèèrè làwọn méjèèjì ti ra ọjà wọn.

Ká tó máa bú ọ̀nà púpọ̀, ẹ jẹ́ ká rántí bí ìgbàgbọ́ fúnra rẹ̀ ṣe dé Oǹdó. Ọ̀ràn ọ̀nà ọjà ló gbé e wá. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ń ti ọ̀nà tó ti Èkó lọ sókè. Ogun àti owó ibodè kò jẹ́ kí ọjà rìn. Glover tó ń ṣàkóso Èkó wá ọ̀nà mìíràn níhà ìlà-oòrùn, láti ojú ọ̀sà gba Oǹdó kọjá, wọ́n sì ṣí i ní 1872. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà ní ti òótọ́! Ní 1875, David Hinderer, ará Jámánì tó ti lo ọdún púpọ̀ nínú iṣẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní Ìbàdàn, dé Oǹdó. Ní 1877, Charles Phillips, tó jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, wá ń gbé ibẹ̀, títí wọ́n fi fi í joyè igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1893.

Iṣẹ́ Phillips kò yá. Ọdún ń gorí ọdún, ìwọ̀nba èèyàn ló ń gbà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro rárá. Ẹni tó bá gbà nígbà náà mọ ohun tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀: ìyàwó tó ń gorí ìyàwó, òrìṣà ìdílé, oyè tí ètùtù wà nínú rẹ̀. Oníbodè dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́, kò gba gbèsè. Òwe wa kò dárúkọ oníbodè, bóyá torí pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n láyé ìgbà náà. Ọ̀nà mẹ́wàá lè wọ ọjà kan, oníbodè mẹ́wàá ló máa wà níbẹ̀.

Ní Oǹdó kan náà, oníwàásù kan wà tó ń jẹ́ E. M. Líjàdù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣe ló ṣe: ó lọ jókòó ti àwọn tó mọ Ifá, ó ní kí wọ́n kọ́ òun, ó ń kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí Ifá jáde ní 1898, èyí tó kọ lórí Ọ̀rúnmìlà tẹ̀lé e ní 1908. Kristẹni ló wọlé, Kristẹni ló jáde. Ó kàn fẹ́ mọ ohun tí òun ń bá jiyàn kí òun tó jiyàn ni. Bí Líjàdù bá jí dìde ní Oǹdó lónìí, ojú á tì í fún gbogbo wa. Ọmọ tó ń pariwo Ìṣẹ̀ṣe lórí TikTok, tó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́rùn, tó ní ìsìn òyìnbó ló ba Áfíríkà jẹ́, kò lè pe orúkọ odù mẹ́wàá nínú 256. Pásítọ̀ tó ń dá a lóhùn láti orí pẹpẹ kò mọ odù kankan, ìwé Ámósì náà sì wà nínú Bíbélì tirẹ̀ tí kò ṣí i rí. Wọ́n wá ń bára wọn jà tagbára tagbára lórí ìwé tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò kà.

Láyé Líjàdù náà, àwọn èèyàn ti ń gba àárín. Ní 1914, àlùfáà Ańgílíkà kan ní Èkó, T. A. J. Ogúnbíyì, dá Ògbóni àwọn onígbàgbọ́ sílẹ̀, èyí tó di Reformed Ogboni Fraternity tí a mọ̀ lónìí. Ní 1920, ní Èkó kan náà, àwọn onífá dá Ìjọ Ọ̀rúnmìlà sílẹ̀, tòun ti orin ìjọ, tòun ti ìwàásù. Àlùfáà ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ wá sí ilédì, onífá ń ti ojúbọ bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n kí ara wọn pẹ̀lẹ́, oníkálukú sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ lágbègbè yìí tó jẹ́ pé orí ọ̀nà gan-an ni ọ̀nà ti yí padà fún un. Joseph Ayọ̀ Babalọlá, awakọ̀ ẹ̀rọ tí ń tẹ títì ni, iṣẹ́ P.W.D. ló ń ṣe. Ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ló ń tẹ̀ ní 1928 nígbà tí ẹ̀rọ kú mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì ní òun gbọ́ ohùn. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó ń la ọ̀nà wọ Àkúrẹ́ fún gbogbo wa ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbàwẹ̀ kí wọ́n tó rí. Ní 1930, ìsọjí rẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà mú kí àwọn èèyàn máa ru ère àti oògùn jáde kúrò nínú yàrá láti wá sun ún. Ní 1932, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní lórí ọ̀rọ̀ àjẹ́. N ò sọ pé gbogbo ohun tó ṣe ló tọ́, àwọn tí wọ́n fi orúkọ àjẹ́ pè nígbà náà náà ní ìyà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó ibodè tí ọkùnrin yẹn san.

Àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ tún le ju òun alára lọ. Wọ́n bá àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pínyà torí pé àwọn òyìnbó ń gbé kuníìnì mì nígbà tí ibà bá dé. Nínú ìyapa yẹn ni ìjọ CAC ti jáde. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni kọ oògùn ibà. Ẹ̀fọn kò mọ ọmọ ìjọ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ìjà nítorí kuníìnì! Ẹ tú báàgì ọmọ-ọmọ wọn wò lónìí. Oògùn ibà wà níbẹ̀, àgbo wà nínú ike omi, òróró wà, áńkáṣíìfù tí Dáádì gbàdúrà sí wà, ọṣẹ kékeré kan sì wà nísàlẹ̀ tí wọ́n wé sínú ọ̀rá dúdú. Bí o bá bi í léèrè, yóò ní ti ìyàwó òun ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń pa mí lẹ́rìn-ín nìyí. Wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lọ sínú Ìṣẹ̀ṣe, lọ sínú òkúta òyìnbó, lọ sínú ìràwọ̀ wíwò. Ta ló ń fi nǹkan sílẹ̀? Wọn ò fi ibì kankan sílẹ̀. Ọ̀nà pánya ni gbogbo wọn ń gbà, kí wọ́n má bàa kan oníbodè. Babaláwo gidi á dáfá fún ọ, á ní èèwọ̀ rẹ nìyí, má purọ́, má bá aya ọ̀rẹ́ rẹ lò pọ̀, padà wá lọ́jọ́ karùn-ún. Ọmọ òde òní á ní, "Bàbá, ṣé kò sí èyí tó yá ju ìyẹn lọ?" Àlùfáà gidi á ní dárí ji ẹ̀gbọ́n rẹ tẹ́ ẹ jọ ń jà lórí ilẹ̀, dá owó ìjọba tó o jẹ padà. Ọmọ ìjọ á fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi òróró nìkan parí ọ̀rọ̀. Agbára ni wọ́n ń wá lójú gbogbo ọ̀nà, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ èèwọ̀.

Àwọn ìjọ wa sì mọ̀. Ẹ wo àwọn pátákó ìpolongo tó wà lójú ọ̀nà Ọyẹ́mẹkùn. "Ta ló jókòó lórí ògo rẹ?" "Òru mẹ́ta ìdáhùn kíákíá." "Wá pẹ̀lú fọ́tò ọ̀tá rẹ." N ò rí èyí tó béèrè pé, "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, orí ògo ta lo jókòó lé?" Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á bú babaláwo títí ẹ̀rọ gbohùngbohùn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ìyá kan á wá nítorí ọmọ rẹ̀ tí kò ríṣẹ́, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní ará ilé ni, àbúrò bàbá rẹ̀, ẹni tó dúdú, tó sanra díẹ̀. Bí ìyá náà bá ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nídìí ọ̀rọ̀, wọ́n á ní kó lọ rò ó dáadáa. Ilé wo ní Àkúrẹ́ ni kò ní àbúrò bàbá tó dúdú, tó sanra díẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà tún kù. Ní 2006, ìwé àti fíìmù kan tí Rhonda Byrne ṣe, The Secret, gba ayé kan: ohun tó o bá ti gbà lọ́kàn, tó o sì ń rò, yóò wá bá ọ. Àwọn ọmọ wa ń pè é ní manifestation. Wọ́n á kọ "mo ti lówó" sínú ìwé títí ìwé á fi kún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tó kàn wọ́n, ẹgbẹ́ àkọrin á dákẹ́, pásítọ̀ á ní kí gbogbo èèyàn gbé ọwọ́ sórí, kí wọ́n kéde lẹ́ẹ̀mejìlá pé, "Mo ti lówó!" Bàbá onífá tó bá ń kọjá lójú títì á rẹ́rìn-ín. Ọfọ̀ ni gbogbo yín ń pè, ẹ kàn gbàgbé láti kọ́ ọ ni. Ẹni tó ń pọfọ̀ gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ewé, ìtàn ewé, àti ohun tí ewé náà kórìíra. Ẹ̀yin ń kéde fún owó tí ẹ ò mọ orúkọ ẹni tó jẹ ẹ́.

Kí n má bàa dà bí ẹni tí ikùn rẹ̀ yó tó ń bú ẹni tí ebi ń pa, n ò bá ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gan nítorí gìrì láago méjì òru jà. Ẹni náà á gbé ọmọ rẹ̀ kiri ni, ọsibítù tí wọ́n ti ní kó kọ́kọ́ sanwó sílẹ̀, ilé wòlíì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyá eléwé ọmọ tó wà níwájú. Ìfẹ́ ló ń sáré níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ há, tó lọ orí òkè lọ sunkún fún Ọlọ́run, n ò ní fi ẹnu mi kàn án. Ẹni tó ní ilé mẹ́ta ní Ọ̀bá-Ilé, tó ń lọ gba gbẹ́rẹ́ nítorí kí ìkẹrin lè yá, òun ni mo ń bá wí.

Ẹnì kan á wá ní, ó dáa, ká gba ọ̀nà kan ṣoṣo, ká má wòtún, ká má wòsì. Ẹ rọra o. Oǹdó ti fi ìyẹn náà hàn wá. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 2022, àwọn ọlọ́pàá kó èèyàn 77 jáde láti inú ilé abẹ́ ilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní àdúgbò Valentino ní ìlú Oǹdó, àwọn ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. Ọlọ́pàá sọ pé wọ́n ní kí wọ́n máa retí ìpadàbọ̀ Olúwa níbẹ̀. Oṣù kẹrin ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Nígbà tí oṣù kẹrin kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n sún un sí oṣù kẹsàn-án. Àwọn ọmọ kan ti pa ilé ìwé tì, torí ta ló ń ṣe ìdánwò fún ayé tó fẹ́ parí? Ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n gbà, ó sì gbé wọn wọ abẹ́ ilẹ̀.

Gbogbo ìpínlẹ̀ ló fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ní ilé ọtí, ní pápá mọ́tò, nínú kíláàsì, ẹ̀rín kò tán. Mo ń wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín náà. Ìyá tó rì nǹkan mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, ó ń fi ìka gbá omi ojú ẹ̀rín nù. Wọ́dìn tó ní ońdè lábẹ́ ibùsùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó rì nǹkan mọ́lẹ̀ ló ń fi àwọn tó rì ara wọn mọ́lẹ̀ ṣẹ̀sín.

Ẹni tó bá fẹ́ rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, kó lọ sí ìsọ̀ ìyá àgbà kan ní Ọjà Ọba. Orógbó àti obì ìsọmọlórúkọ ni mo lọ rà níbẹ̀. Lápá ọ̀tún ìsọ̀ náà ni àbẹ́là wà ní oríṣiríṣi àwọ̀, tùràrí, lọ́fíńdà kékeré, igo òróró ólífì, àgbélébùú onípákó. Lápá òsì, atare, efun, osùn, ọṣẹ dúdú nínú ewé, ọ̀gà gbígbẹ tó rọ̀ sára òpó. Láàárín méjèèjì, oyin, iyọ̀ àti àgbọn: ti gbogbo ayé nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níwájú mi, ó ń ka ohun tó fẹ́ rà láti ojú fóònù.

"Àbẹ́là méje, oyin, ọṣẹ dúdú, kànrìnkàn ìbílẹ̀, àgbọn kan..."

"Ọmọ mi, ta ló kọ ọ́ fún ẹ? Wòlíì ni àbí babaláwo?"

"Màmá, ẹ kàn fún mi."

"Mo gbọ́dọ̀ mọ̀. Tó bá jẹ́ ti wòlíì, àbẹ́là funfun ni. Àwọn tọ̀hún ló máa ń ní kí wọ́n ra pupa."

Ọmọkùnrin náà wo fóònù, ó wo ojú ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ fún mi ní méjèèjì, mà."

"Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lo máa já sí."

Bí màmá ṣe ń dì í, mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé nínú gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ yìí, èwo lòun ń lò nílé. Ó wò mí bíi pé mo bú ìyá rẹ̀.

"Èmi? CAC ni bàbá tó bí mi, inú ẹ̀ ni mo máa kú sí. Kò sí ọ̀kankan nínú ìranù yìí tó wọ yàrá mi rí."

"Ẹ sì ń tà á, mà?"

"Ṣé èmi ni mo ní kí wọ́n wá rà á ni?" Ó ti na ọ̀rá sí ọmọkùnrin náà, ọwọ́ kejì ṣì ṣí sílẹ̀. "Ọmọ mi, o ò tíì sanwó àbẹ́là pupa."